Ta Ló Rán Ọmọ Ìkòròdú Gòkè?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù Òkúdù ọdún 2025, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí wọ́n ń bọ́ aṣọ àwọ̀ròde, ọmọ Ìkòròdú kan wà lórí àga nínú àgọ́ kékeré kan ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Texas, bẹ́líìtì ti dì í mọ́ àga pinpin. Àwọn márùn-ún mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé àgọ́ náà sórí bú ramúramù, ó gbéra. Láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti kọjá 100 kìlómítà sókè, wọ́n ti léfòó nínú àgọ́ bí ìyẹ́ adìẹ, wọ́n ti yọjú lójú fèrèsé wo ayé, wọ́n sì ti padà balẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn ńlá mẹ́ta. Bí Amòfin Owolabi Salis ṣe di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfurufú nìyẹn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Lábẹ́ bíríìjì Ìyànà Ìpájà, dánfó tó ń lọ Ìkọ̀tún lè máà tíì kún láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kọ̀ndọ́kítọ̀ á so mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, á máa ké pé, "Ègbẹ́dá, Ìdímù, Ìkọ̀tún! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Obìnrin tó ru búrẹ́dì Agége á gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá láì bojú wẹ̀yìn. Ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá á sáré tẹ̀lé ọkọ̀ tó ti ń lọ, nítorí ẹni tó ra omi kò tíì sanwó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, oríta yìí sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n tún ń gbà bọ̀ lálẹ́. Àárín irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn ọmọ Ìkòròdú já sí.

Nídìí tábìlì oníwèé ìròyìn, níbi tí àwọn tó ń ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń pé jọ sí láàárọ̀, irú ìròyìn báyìí kì í kọjá láìsí àríyànjiyàn. Àwọn kan á kọ́kọ́ yọ̀ pé ọmọ wa ni, ọmọ Yorùbá ló ṣe é. Ẹnìkan á béèrè bóyá ó rí Ọlọ́run lọ́hùn-ún. Ẹlòmíràn á ní ilé ìṣọ́ Bábẹ́lì ni ọmọ aráyé tún dáwọ́ lé yìí, àti pé ẹni tó bá ń tọ́jú ara rẹ̀ kì í fi ìka ro Elédùmarè lójú. Àgbàlagbà kan tí kò sọ̀rọ̀ látàárọ̀ á wá béèrè èyí tó jinlẹ̀ jù: èló ni wọ́n ná sí i, kí ló sì mú bọ̀ fún wa?

Ìbéèrè ẹ̀sìn ni gbogbo rẹ̀, títí kan ti owó. Ó yẹ kí a dá wọn lóhùn bí ìbéèrè tó ní láárí, nítorí àwọn tó ń béèrè kì í ṣe òpè.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ti Ọlọ́run. Èdè wa gan-an ló dá apá kan ìrújú yìí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀run, ni Yorùbá ń lò fún ibi tí òjò ti ń ṣú, fún ibi tí òkú ń lọ, àti fún ibùgbé Ẹni tó ni gbogbo rẹ̀, tí a fi ń pè É ní Ọlọ́run. Bí a bá wá sọ fún ìyá arúgbó kan ní Ìpájà pé ènìyàn lọ sí ọ̀run láàárọ̀, ó sì ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ní gbọ́ ọ bí ẹni tó kọ́ físíìsì ṣe máa gbọ́ ọ. Àwọn Mùsùlùmí ti bá wa mú sánmà wá láti inú èdè Lárúbáwá, àwọn akọ̀ròyìn náà sì ń sọ gbalasa òfurufú. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wúlò. Ibi tí Amòfin Salis dé, sánmà ni, òfurufú ni. Nígbà tí Yorùbá bá ní ayé lọjà, ọ̀run nilé, kì í ṣe ilé tó wà lókè aṣálẹ̀ Texas ló ń wí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ibẹ̀ jìnnà lọ títí. Ìlà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi pààlà láàrin afẹ́fẹ́ ayé àti gbalasa òfurufú, èyí tí wọ́n fi orúkọ onímọ̀ nípa òfurufú kan, Theodore von Kármán, pè, 100 kìlómítà péré ni láti ilẹ̀. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí dánfó bá lè gun òkè tààrà láti abẹ́ bíríìjì Ìyànà Ìpájà, ì bá dé ibi tí ọmọ Ìkòròdú dé kí ó tó dé Mọ́kọlá. Ohun tó mú un ṣòro ni agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀, tí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi eré tó lé ní 3,000 kìlómítà láàrin wákàtí kan bá wọ̀yá ìjà.

Ìtàn kan ti wà tipẹ́ pé Yuri Gagarin, ará Rọ́ṣíà tó kọ́kọ́ gòkè ní ọjọ́ 12 oṣù Igbe ọdún 1961, sọ pé òun wò yíká, òun kò rí Ọlọ́run. Àwọn pásítọ̀ ti fi wàásù, àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ náà ti fi yangàn. Ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó wà lókè. Àwọn mìíràn tó gòkè lẹ́yìn rẹ̀ tiẹ̀ mú ẹ̀sìn wọn dání lọ. Kí Buzz Aldrin, ará Amẹ́ríkà, tó fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ní ọdún 1969, ó jẹ búrẹ́dì, ó mu wáìnì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi balẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2007, Dókítà Sheikh Muszaphar Shukor ti orílẹ̀-èdè Malaysia wọ ibùdó òfurufú tó ń yí ayé po nínú oṣù Ràmàdáánì, àwọn àlùfáà àgbà ìlú rẹ̀ sì ti jókòó ṣáájú, wọ́n ti kọ ìlànà bí yóò ṣe máa kírun níbi tí kò ti sí òkè, tí kò sí ilẹ̀: kí ó kọjú sí Ká'bà bó bá ṣeé ṣe fún un, bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó kọjú sí ayé, bí ìyẹn náà kò bá rọrùn, ibikíbi tó bá kọjú sí, ó ti tó. Àwọn àfáà wọ̀nyẹn kò bẹ̀rù pé ọkọ̀ irin lè gba ìtẹ́ Ọlọ́run. Ohun tó ká wọn lára ni pé kí ẹrú Ọlọ́run má pàdánù ìrun.

Nítorí náà, ti Bábẹ́lì kò jọ. Àwọn tó kọ́ ilé ìṣọ́ nínú ìtàn Bíbélì ń wá orúkọ fún ara wọn ni, ìgbéraga ló sì bà wọ́n jẹ́. Gíga ilé náà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń fi Bábẹ́lì halẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tún ìtàn náà kà dáadáa.

Àwọn baba wa ní ìtàn tiwọn, ó sì bá ọ̀rọ̀ yìí mu ju ti Bábẹ́lì lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, tó padà di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, kọ ọ́ sínú ìwé tó ṣe nípa Olódùmarè ní ọdún 1962. Wọ́n ní ọ̀run sún mọ́ ilẹ̀ nígbà láéláé, ènìyàn lè nawọ́ kàn án. Bí àwọn kan ṣe sọ ọ́, olójúkòkòrò kan ló bu oúnjẹ ọ̀run kọjá ìwọ̀n. Bí àwọn mìíràn ṣe sọ ọ́, obìnrin kan ló fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan ojú ọ̀run tó mọ́ tónítóní. Ọ̀run bínú, ó fà sókè réré. Nínú ìtàn yìí, kò sí ẹni tó sọ pé àìní ẹ̀rọ ló mú kí ọ̀run jìnnà sí wa. Ojúkòkòrò ni, ọwọ́ àìmọ́ ni.

Èyí ló gbé wa dé ìdí ìbéèrè àgbàlagbà yẹn, ti owó.

Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ni rọ́kẹ́ẹ̀tì tí Amòfin Salis wọ̀: Blue Origin, tí Jeff Bezos, ẹni tó dá ilé-ìtajà orí ayélujára Amazon sílẹ̀, dá sílẹ̀. Wọ́n pe ọkọ̀ náà ní New Shepard, ní ìrántí Alan Shepard, ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ gòkè ní ọdún 1961. Ṣùgbọ́n ìjọba ló rán Shepard. Èrò ọkọ̀ ni àwọn tó wọ New Shepard. Nígbà tí Bezos fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 20 oṣù Agẹmọ ọdún 2021, wọ́n lu àga kan ní gbàǹjo, ó dé 28 mílíọ̀nù dọ́là. Ilé-iṣẹ́ náà kò kéde iye tí oníkálukú san, ṣùgbọ́n ní ọdún 2025, ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ ní láti kọ́kọ́ fi 150,000 dọ́là lélẹ̀. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí 1,500 náírà, 225 mílíọ̀nù náírà nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà lọ́dún náà, 70,000 náírà, yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún tó lé ní 260 láì jẹun, láì wọ ọkọ̀, kí ó tó kó o jọ. Ẹni tó bá ń san owó dánfó láti Ìgàndò dé Ìkẹjà lójoojúmọ́ kò jẹ̀bi bí ìṣirò yìí bá dùn ún.

Inú sì ti bí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù náà. Nígbà tí Bezos balẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Amazon àti àwọn oníbàárà pé àwọn ló sanwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ta ọ̀pọ̀ ènìyàn lára gan-an, pàápàá àwọn tó mọ bí iṣẹ́ inú ilé ìkẹ́rùsí Amazon ṣe rí. Ọmọọba William ti Ìlú Ọba sọ ní ọdún 2021 náà pé kí àwọn olóye tún ayé yìí ṣe ná kí wọ́n tó máa wá ibòmíràn gbé. Ní oṣù Igbe ọdún 2025, tí olórin Katy Perry àti obìnrin márùn-ún mìíràn gòkè, ìbáwí púpọ̀ ló tẹ̀lé e.

Àríyànjiyàn náà ti wà tipẹ́ ṣáájú ìrìn-àjò Bezos. Ní ọjọ́ 15 oṣù Agẹmọ ọdún 1969, ọ̀la rẹ̀ ni Apollo 11, ọkọ̀ tó gbé Aldrin lọ sí òṣùpá, máa gbéra, Rẹ́fúrẹ́ǹdì Ralph Abernathy, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ará Amẹ́ríkà, kó àwọn ìdílé tálákà lọ sí ibùdó tí wọ́n ti máa jù ú sókè ní Florida, wọ́n kó kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ìbaaka ń fà dání. Thomas Paine, ọ̀gá àgbà NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà lórí òfurufú, jáde wá bá wọn nínú òjò wẹ́ẹ́rẹ́, ó ní bí àìtẹ bọ́tìnì rọ́kẹ́ẹ̀tì bá lè mú òṣì kúrò, àwọn kò ní tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, sísítà ìjọ Àgùdà kan tó ń ṣiṣẹ́ láàrin àwọn ọmọ tí ebi ń pa ní Zambia, Sísítà Mary Jucunda, kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ Ernst Stuhlinger, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní NASA, pé báwo ni ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ṣe gbà á láyè kí wọ́n máa náwó sí òfurufú. Stuhlinger fi ìtàn olóyè kan ní Jámánì dá a lóhùn. Olóyè náà ń tọ́jú àwọn tálákà, ṣùgbọ́n ó tún ń bọ́ ọkùnrin kan tó kàn ń dán gíláàsì kéékèèké tí kò jọ pé ó wúlò fún nǹkan kan. Àjàkálẹ̀ àrùn ń jà, inú ń bí àwọn ará ìlú. Gíláàsì yẹn ló padà di ẹ̀rọ tí a fi ń rí kòkòrò tí ojú kò lè rí.

Èsì gidi ni, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣòfin lórí owó sáyẹ́ǹsì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò tíì tó fún èyí tó wà níwájú wa. Iṣẹ́ ni ẹni tó ń dán gíláàsì ń ṣe ní tirẹ̀, ó ń wá nǹkan kan. Ẹni tó sanwó ọkọ̀ ńkọ́?

Àwọn babaláwo ní ìtàn kan tó dáhùn ìyẹn. Ọ̀run àti Ilẹ̀ jọ ṣọdẹ, eku ẹmọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rí pa. Wọ́n wá ń du ta ni àgbà tí yóò mú un. Ọ̀run fi ìbínú padà sókè, ó sé òjò mọ́. Iṣu ta, kò gbó. Àgbàdo yọ ọmọ, kò gbẹ. Gbogbo ayé kan gógó. Wọ́n rúbọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹyẹ tó lè gbé ẹbọ náà dé òkè. Igún ló gbé e. Ó fò títí ó fi dé ọ̀run, wọ́n gba ẹbọ, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kí Igún tó délẹ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sọ ìtàn náà, òjò yẹn gan-an ló pa Igún nígbà tó dé, ó ń ti ilé dé ilé pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yà síbẹ̀, àwọn tó jíṣẹ́ fún sì ń ṣá a lórí títí orí rẹ̀ fi pá.

Nǹkan méjì ló wà nínú ìtàn yìí fún ẹni tó bá fẹ́ ronú. Èkíní ni pé Yorùbá kò ka lílọ sókè sí èèwọ̀. Ohun tó ń béèrè ni ẹni tó rán ni àti iṣẹ́ tí a lọ jẹ́. Iṣẹ́ ló sọ Igún di ẹni iyì nínú Ifá, kì í ṣe ìyẹ́ apá rẹ̀. Èkejì ni pé àwa tó wà nílẹ̀ náà lè ṣẹ̀. A lè ṣá ẹni tó jíṣẹ́ lórí nítorí pé a kò dúró gbọ́.

Nípa èkíní, àpẹẹrẹ rere wà nílé. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì aládàáni mìíràn, Falcon 9 ti ilé-iṣẹ́ SpaceX, gbé sátẹ́láìtì kékeré kan lọ sí ibùdó òfurufú. Orúkọ rẹ̀ ni NigeriaEduSat-1. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́ ló ni ín, wọ́n ṣe é ní Japan pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ghana, Mongolia, Bangladesh àti Japan. Àpótí tí ìhà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ ni, ènìyàn lè gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Aládàáni ló ni ọkọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà nínú ẹrù. Ṣáájú ìyẹn, NigeriaSat-1, tí wọ́n jù sókè láti Rọ́ṣíà ní ọdún 2003 nígbà tí ọ̀pọ̀ ń béèrè pé kí la fẹ́ fi ṣe nígbà tí kò sí iná, wà lára àwọn tó ya àwòrán ibi tí ìjì Katrina bà jẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005. Nàìjíríà jíṣẹ́ fún Amẹ́ríkà. Ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ èyí nínú ìwàásù tàbí nínú kíláàsì.

Ó tún ṣeé ṣe kí ènìyàn gòkè láìsí ẹni tó rán an, kí ó sì rí iṣẹ́ he lọ́hùn-ún. William Shatner, òṣèré tó ti ṣe ọ̀gá ọkọ̀ òfurufú nínú fíìmù fún ọdún gbọọrọ, wọ New Shepard ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021, ó jẹ́ ẹni 90 ọdún. Ó retí ayọ̀. Ìbànújẹ́ ló bá a. Ó wo òkùnkùn tó yí ayé ká, ó wo bí awọ afẹ́fẹ́ tó bò wá ṣe fẹ́lẹ́ tó, ó sunkún nígbà tó balẹ̀, ó sì kọ lẹ́yìn náà pé ó dà bí ìgbà tí òun lọ síbi ìsìnkú. Ìkìlọ̀ nìyẹn fún ẹni tó bá ń jó epo dànù, tó ń gé igbó lulẹ̀. Bó bá jẹ́ pé owó tí wọ́n fi gbé e lọ ra ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, tí a sì gbọ́ ọ, kò ṣòfò.

Amòfin Salis ní tirẹ̀ kò lọ lọ́wọ́ òfo. Kí ó tó gbéra, ó ya ìrìn-àjò náà sọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n ti dẹ́yẹ sí àti àwọn tí wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Òun ló rán ara rẹ̀, ó sì sọ ẹni tí òun ń lọ fún. Ìyẹn ju ohun tí ọ̀pọ̀ olówó tó ti gòkè ṣe lọ, ó sì tọ́ kí Yorùbá bọlá fún un. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ parí. Ní Alímọ̀ṣọ́ níbí, ẹni tó ń wá yàrá kan háyà a máa gbọ́ "Ọmọ ibo ni ẹ́?" lẹ́nu onílé tàbí ẹ́jẹ́ǹtì kí wọ́n tó dá a lóhùn iye owó, ìdáhùn rẹ̀ nìkan sì lè lé e padà. Ìdẹ́yẹsí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti wo ayé láti òkè, tí kò rí ààlà ẹ̀yà kankan lójú rẹ̀, lè wọ irú onílé bẹ́ẹ̀ létí ju ìwàásù mẹ́wàá lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìpájà, Ègbẹ́dá, Ìdímù, Ìkọ̀tún àti Ìgàndò, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin àfáà, ẹ kọ̀wé pe Amòfin Salis. Ìkòròdú kò jìnnà. Kí ó wá dúró síwájú àwọn ọmọ wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kí ó fi èdè Yorùbá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, kí àwọn ọmọ bi í ní gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn nídìí tábìlì oníwèé ìròyìn, títí kan ti owó. Kí àwa àgbà náà jókòó gbọ́ ọ tán kí a tó sọ tiwa.